Ìgò Tó Wà Nídìí Àmù

Kókó funfun tí wọ́n gé kúrò lójú Àlhájà Àṣàkẹ́ ti tún hù.

Mujeebat, ọmọ rẹ̀, fi ìbínú wọlé ní Pópó Yemọja. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ń ṣomi, ó ń fi ìborùn nù ún.

"Dókítà ní tó bá tún fi hù, ẹyinjú náà làwọn máa yọ! Màámi, ṣé ẹ ń kán oògùn tí wọ́n fún yín sójú?"

"Mò ń kán an."

"Irọ́!"

Ó wa iyanrìn tútù tó wà nídìí àmù, níbi tí oògùn náà kì í ti í gbóná. Ìgò kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Èkejì kún, wọn ò tíì ṣí i.

"Ẹ tọ́jú oògùn bí ẹran Iléyá! Ta lẹ fi í pamọ́ dè? Wọ́n ní oòrùn ló ń fà á, a sì jọ ń jókòó sínú oòrùn Ọjà'ba ni, kí ló ṣe èmi? Agídí yín ló pọ̀!"

Ó tún nu ojú ọ̀tún.

Ìyá rẹ̀ na dígí sí i.

"Ariwo yẹn tó! Wo ẹ̀gbẹ́ ẹyinjú rẹ dáadáa. Láti ìgbà ààwẹ̀ ni mo ti ń wá ẹnu tí n ó fi sọ ọ́.

"Ìwọ lo ni ìgò kejì."