Oníbàárà Ẹgbẹ̀rún Mọ́kànlá

Omi ti tán lẹ́yìn ẹja fún télọ̀. Ọ̀la ni iṣẹ́ abẹ ìyá rẹ̀.

Ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì wọn ní ọsibítù, ó ń fi fóònù ta orúkọ ìkànnì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ bàbá rẹ̀ tó ti kú ni.

Ó pè é ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà.

Oníbàárà kan tí ò dárúkọ ná an ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá.

Télọ̀ ò dáhùn. Téèyàn bá tètè dáhùn, wọ́n á mọ̀ pé ojú ń pọ́n ọn.

Oníbàárà fi ẹgbẹ̀rún kan lé e.

Télọ̀ kọ ọ́ sí i pé, "Ìyá mi ń kú lọ, ẹ ń fi mí ṣeré. Ṣé ẹ ò bímọ ni?"

Fóònù ìyá rẹ̀ dún lábẹ́ ìrọ̀rí.

Ìyá yọ ọ́, wọ́n ka ohun tó kọ, wọ́n nu ojú.

"Mo bímọ. Gbogbo ohun tó kù lọ́wọ́ mi nìyẹn. Mi ò fẹ́ kí orúkọ bàbá ẹ bọ́ sọ́wọ́ àlejò."