Ihò Ara Ògiri Ìyá Ìyàwó

Ọ̀dà kíki náà tún já bọ́ lára ògiri, ó sì balẹ̀ pọ̀tọ̀ síwájú ẹsẹ̀ ìyá ìyàwó.

"Ẹ má bínú, Mà. Kò tíì gbẹ ni," ni àna wọn wí, òógùn bò ó. Nígbà tó wá tọrọ ọmọ wọn, ó ní bíríkìlà ni òun, bẹ́ẹ̀ akunlé lásán ni. Wàyí o, wọ́n ní kó wá dí àwọn ihò ńlá tí àwọn tó yọ páìpù fi sílẹ̀ ní pálọ̀, ohun tó sì mọ̀ ọ́n lò náà ló gbé wá.

"Àna mi, ihò tó gba orí èèyàn, ọ̀dà lo fẹ́ fi dí i?"

Ó wù ú kí ilẹ̀ lanu gbé e mì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ọ̀dà náà.

"Mo purọ́, Mà. Ẹ̀rù bà mí pé ẹ ò ní fún mi lọ́mọ yín."

 Ìyá wọ́n omi sínú ihò, ó po sìmẹ́ǹtì mọ́ yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́, ó wá ń kì í wọlé díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fún ọmọ lóúnjẹ. Kò sí èyí tó já bọ́.

"Ta ló kọ́ yín, Mà?"

"Bàbá mi. Bíríkìlà gidi ni wọ́n." Ó kọjú sí yàrá, ó pe ọkọ rẹ̀. "Bàbá, ẹ máa bọ̀ o! Ẹnìkejì yín ti dé."

Bàbá ìyàwó jáde tòun ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Dìde, ọmọ mi. Bàbá tó ń wí yẹn ni èmi náà pa irọ́ yìí fún. Látìgbà náà, ìyàwó mi ló ń dí ihò, èmi ni mò ń gbálẹ̀."