Alàgbà Okùnọlá àti Wáìfáì Ọ̀fẹ́ Ìta Agogo

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìgbà kan wà tí Ìta Agogo, àárín ìlú wa yìí, dùn ju bí ẹ ṣe ń wò ó lónìí lọ. Agogo kankan kò sí níbẹ̀ nígbà náà pẹ̀lú. Orúkọ lásán ni. Ṣùgbọ́n kánsù gbé ẹ̀rọ kékeré kan kọ́ sórí òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi odán, ẹ̀rọ náà sì ń fún gbogbo ayé ní wáìfáì ọ̀fẹ́. Alàgbà Okùnọlá, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, ń gbé ní ọ̀ọ́kán òpó yìí. Èèyàn dáadáa ni. Àléébù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kò lè bẹ ẹnikẹ́ni fún ohunkóhun. Bí o bá dúró sójú ọ̀nà tó fẹ́ gbà, yóò kúkú yí gbogbo ilé po.

Háà, ìgbà yẹn! Tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, ìta á kún. Àwọn tó ń retí èsì ìdánwò á jókòó sórí gbòǹgbò odán, àwọn ọlọ́kadà á máa wo bọ́ọ̀lù, Múníràtù aránṣọ á máa wá àwòrán aṣọ tí yóò gé. Àwọn orogún tí kì í kí ara wọn nílé á fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn níbẹ̀, nítorí ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti le jù kò fẹ̀. Alàgbà náà á gbé àga tirẹ̀ jáde, á pe Dípọ̀, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kánádà. Bí èrò bá ti pọ̀ jù, ojú Dípọ̀ á gan sórí fóònù, ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀ bíi ti ẹni tó fẹ́ sín.

Lọ́jọ́ kan, Dípọ̀ sọ pé ìyàwó òun yóò bímọ lóṣù tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Alàgbà ni yóò kọ́kọ́ pe orúkọ lórí fóònù, gẹ́gẹ́ bí bàbá ọkọ, kí ẹnikẹ́ni tó pe tirẹ̀. Inú Alàgbà dùn. Ó ti mú Ọláìtán, orúkọ ìyá rẹ̀. Àfi ìgbà tó wo èrò tó wà ní ìta, tí ọkàn rẹ̀ dàrú. Bí ojú Dípọ̀ bá gan lọ́jọ́ náà ńkọ́?

Ẹlòmíràn ì bá sọ fún wọn pé kí wọ́n fún òun láàyè díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Alàgbà kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ó dúró sábẹ́ odán, ó sì ṣí fìlà. Kò sí ẹni tó rí i láìdé fìlà rí. Orí náà ń dán.

"Ẹ wò ó," ó wí, bí ẹni tó ń kéde òkú. "Afẹ́fẹ́ òpó yìí ló ṣe é. Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù."

Múníràtù di orí ara rẹ̀ mú. "Yéè! Bàbá, ṣé irun wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

"Irun? Mo máa ń la ọ̀nà sí i láàárín ni."

Òótọ́ ni, nígbà tó wà ní rélùwéè. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìta ti dá páropáro. Alàgbà nìkan ló ń jókòó síbẹ̀, ojú Dípọ̀ sì ń mọ́ kedere.

Kánsù náà ò sùn. Wọ́n rí i pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń lo ohun tí wọ́n ṣe fún gbogbo ìlú. Ìyàwó Dípọ̀ bí obìnrin, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la, Alàgbà lọ gba agbádá rẹ̀ lọ́wọ́ alágbàfọ̀. Kí ó tó dé, wọ́n ti tú ẹ̀rọ náà lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ agbádá, ó jókòó, ó tẹ fóònù. Kò rí nǹkan kan. Ó ra dátà. Ojú Dípọ̀ kan yọ, ẹyọ ojú kan péré, ó sì pòórá. Múníràtù ń kọjá lọ.

"Bàbá, ẹ ò gbọ́ ni? Wọ́n ti gbé e lọ sí Ìdíkọ̀ Tuntun lánàá. Wọ́n ní a ò lò ó. Ṣùgbọ́n kí lẹ tún fẹ́ fi ṣe? Ṣebí ó ń fa irun já?"

"Tèmi ti tán. Kò sí ohun tí yóò tún bá níbẹ̀."

Ó gun ọ̀kadà tòun ti agbádá. Èrò kún Ìdíkọ̀ Tuntun bámúbámú, irun orí gbogbo wọn pé, wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù. Ojú Dípọ̀ yọ, ó gan. Òógùn bo Alàgbà. Ìgbà tó yá, ó la ẹnu.

"Ẹ jọ̀wọ́. Ọmọ ọmọ mi ni. Wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ lọ́wọ́."

Awakọ̀ kan fò dìde. "Gbogbo yín, ẹ pa wáìfáì yín! Bàbá fẹ́ sọmọ lórúkọ!"

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n fẹ́ gbá pẹnáríìtì o!"

"Ṣé pẹnáríìtì ló bí ọ ni? Pa á, jàre!"

Wọ́n pa á. Wọ́n sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. Ojú Dípọ̀ mọ́ gaara, bí ẹni pé ó wà ní yàrá kejì.

"Bàbá mi, a dúró dè yín títí. Pásítọ̀ ní kí bàbá ìyàwó mi máa sọ ọ́ lọ. Ìtùnú ló ń jẹ́."

Alàgbà gbé fóònù sún mọ́ ẹnu. Lẹ́yìn náà ni ó pe Ọláìtán, orúkọ tó kẹ́yìn gbogbo orúkọ. Gbogbo ìdíkọ̀ hó, "Ọláìtán o! Yóò dàgbà o!"

Ìtùnú ni wọ́n ń pe ọmọ náà títí dòní, nílé àti níléèwé. Ìdíkọ̀ Tuntun nìkan ni wọ́n ti máa ń béèrè pé, "Bàbá, Ọláìtán wa ńkọ́?" Ìta Agogo ni ẹ sì ń wò yìí, ewúrẹ́ ló ni ín báyìí.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí, ẹ̀yin ọmọ mi: ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo ìlú, ẹni tó bá lé àwọn yòókù kúrò nídìí rẹ̀ ti lé ara rẹ̀ náà. Bí àyè bá há fún yín, ẹ sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pé kó sún díẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sún.