Wọ́n Ń Rákò Lọ́nà Odò

Àlọ́ mi fò pìrí, ó balẹ̀ gbì, ó balẹ̀ sórí Ọ̀yà tí kì í yé béèrè ọ̀rọ̀.

Ọ̀dá lé Ọ̀yà kúrò nílùú rẹ̀, òùngbẹ sì gbé e dé ìlú Erin. Bó ṣe ń tẹ̀ lé àwọn ẹranko lọ sódò, ó rí i tí gbogbo wọn dé ojú kan, tí wọ́n ń rákò kọjá, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan lókè orí wọn.

"Ẹ̀yin ará ibí, kí lẹ ń rákò fún?"

Erin jágbe mọ́ ọn: "Bí a ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn. Rákò, tàbí kí òùngbẹ pa ọ́!"

Ni wọ́n bá gbé e lórin:

Ta ni ò rákò?
*Rákò, rákò!*
Kò ní mumi wa.
*Rákò, rákò!*

Ọ̀yà sáré tọ Ìgbín, àgbà ìlú, lọ. Ìgbín ní: "Ẹ̀ka igi kan ló dábùú ibẹ̀ láyé ijọ́un, agbọ́n kọ́lé sí i. Igi ọ̀hún wó kí wọ́n tó bí baba Erin!"

Ọ̀yà fò fẹ̀rẹ̀ padà. "Igi ti wó! Agbọ́n ti lọ!" Ó nàró kọjá, nǹkan kan ò ta á. Háà! Ayọ̀ ṣubú layọ̀. Erin fò sókè, Ẹfọ̀n fò sókè, gbogbo ìlú ń fò kọjá lójú ibẹ̀, Ọ̀yà ló ṣíwájú.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn dé, Ẹtu, àlejò, bá wọn lọ sódò. Ó rí i tí wọ́n ń fò lójú kan náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń fò fún?"

Ọ̀yà ló kọ́kọ́ jágbe mọ́ ọn: "Bí a ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn. Fò, tàbí kí òùngbẹ pa ọ́!"

Ta ni ò fò?
*Fò, fò!*
Kò ní mumi wa.
*Fò, fò!*

Bí mo bá purọ́, kí àlọ́ mi fò sókè, kó má balẹ̀ mọ́.