Etí Kan ní Kíláàsì, Etí Kan ní Láàbù

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má dúró lágbedeméjì o. Ẹ ka ìtàn yìí tán, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́, tí ẹ tún ń kàwé lórí fóònù.

1.
Ọlọ́runṣògo, ọmọ Ọ̀yọ́, ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní láàbù ilé ìwòsàn aládàáni kan nítòsí Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọdún kọkànlá rẹ̀ níbẹ̀ ló forúkọ sílẹ̀ fún Másítáàsì tí wọ́n ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ìwé kì í pa ni. Àárẹ̀ ló ń pa ni. Mọ́tò láti Ọ̀yọ́ láràárọ̀, iṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, ìwé lórí ìjókòó mọ́tò. Ojú rẹ̀ jìn wọnú bí ojú ẹni tó gbààwẹ̀ tí kò ṣínu.

Aago méjì ọ̀sán Sátidé ni kíláàsì. Ẹni tó bá pa á jẹ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Ọlọ́runṣògo ti pa méjì jẹ.

Àlàájà Waliyat, ọ̀gá láàbù, bá a sọ̀rọ̀.

"Ṣògo, jẹ́ kí Kabir, ẹlẹgbẹ́ rẹ, máa bá ọ di Sátidé mú."

"Kabir kẹ̀, mà? Kó lè máa sọ káàkiri pé òun lòun jẹ́ kí n kàwé? Mo lè ṣe méjèèjì."

"O ò ní etí mẹ́rin o."

"Méjì tó mi, mà. Ọ̀kan fún kíláàsì, ọ̀kan fún láàbù."

Ó rẹ́rìn-ín. Àlàájà ò rẹ́rìn-ín.

2.
Sátidé kan, ọkọ̀ akẹ́rù gbá ọ̀kadà tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan lọ́nà Iresa. Simon Akínpẹ̀lú ni ẹ̀gbọ́n, Stephen ni àbúrò. Oyèrónkẹ́, ìyàwó Simon, ló tẹ̀ lé wọn wá. Ọlọ́runṣògo ṣètò ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì; irú ti ẹ̀gbọ́n yàtọ̀ sí ti àbúrò. Ṣùgbọ́n aago méjì ti ń lọ lù. Ó kánjú kọ "S. Akínpẹ̀lú" sára àpò méjèèjì, ó fi ti Simon sápá ọ̀tún fìríìjì, ti Stephen sápá òsì. Ó lóun ò ní gbàgbé. Ó ki íápíìsì bọ etí kan.

Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára Stephen jù. Nọ́ọ̀sì rán Oyèrónkẹ́ sí láàbù. Obìnrin náà sáré dé ojú fèrèsé.

"Ẹ kúuṣẹ́, sà. Wọ́n ní kẹ́ ẹ fún mi ní ẹ̀jẹ̀."

"Ta la fẹ́ fà á sí lára?"

"Ọkọ mi ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára!"

Ọlọ́runṣògo la ẹnu láti béèrè orúkọ. Àfi bí olùkọ́ ṣe pè é nínú íápíìsì.

"Mo wà níbí, sà! Mo wà níbí!"

Orúkọ tirẹ̀ ló dáhùn, kò béèrè ti aláìsàn mọ́. Ó mọ̀ pé ìyàwó Simon ni; ó gbé ẹ̀jẹ̀ Simon fún un, ó padà sí kíláàsì. Nọ́ọ̀sì rí "S. Akínpẹ̀lú", ó gbé e kọ́ fún Stephen.

3.
Kò pẹ́ tí Stephen fi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. "Ẹ̀yìn mi! Ẹ̀yìn mi ń já!" Wọ́n já ẹ̀jẹ̀ náà kúrò, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá. Ọjọ́ kẹta, ó kú.

Ọlọ́runṣògo lọ bẹ̀bẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ pé ọkọ yín ni, mà."

Oyèrónkẹ́ wò ó. Ẹkún ti tán lójú rẹ̀.

"Ọmọ ibo ni yín?"

"Ọ̀yọ́, mà."

"Ọmọ Ọ̀yọ́! Ẹ ò wá mọ̀ pé ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ? Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn, ọkọ mi ni mò ń pe Stephen. Bàbá Ìbùkúnọlá ni mò ń pe ẹni tó fẹ́ mi. Ẹ ò bá bi mí! Ìbéèrè kan péré!"



Wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kíláàsì tó torí ẹ̀ kánjú, kò padà síbẹ̀ mọ́. Ọ̀yọ́ ló wà báyìí, ó jókòó sílé bàbá rẹ̀. Bí wọ́n bá pè é lórúkọ, ó máa ń pẹ́ kó tó jẹ́.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ kàwé o, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má kà á. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀mí èèyàn bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ yọ nǹkan létí. Ẹ kọ orúkọ aláìsàn délẹ̀. Bí ẹnìkan bá fẹ́ bá yín di iṣẹ́ mú, ẹ gbà, kódà bó bá máa sọ ọ́ káàkiri. Tí obìnrin bá sì ní ọkọ òun ni, ẹ bi í pé ọkọ wo.

Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Ti Ọlọ́runṣògo kọjá òfo: èèyàn ló pa.