Owó Ìwádìí fún Ọmọ Bádéjọ

Gbogbo ẹgbẹ́ àwa olóko obì n'Ífọ̀ ń wo ẹnu mi.

Fọláwẹ̀mí, ọmọ Bádéjọ, dọ̀bálẹ̀ níwájú wa. Ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò ló ń kọ́ ní yunifásítì n'Íbàdàn.

Ó fẹ́ fi ọlidé gígùn yìí ṣèwádìí kòkòrò tó ń jẹ obì wa nínú agbọ̀n. Kò rówó ṣe é. Bí a kò bá fún un, iṣẹ́ náà kú nìyẹn.

Èmi ni alága. Owó ẹgbẹ́ kì í jáde bí n kò bá fọwọ́ sí i.

Bùrẹ́ímọ̀ akápò rẹ́rìn-ín. "Alága, ẹ kúkú lé e lọ. Ta ni ò mọ̀ pé ẹ̀yin àti bàbá ẹ̀ kì í kíra yín?"

"Ẹ fún un," ni mo wí. "Gbogbo ohun tó béèrè."

Ẹnu yà wọ́n. Omijé bọ́ lójú ọmọ náà.

"Ẹ ṣé, sà. Ọlọ́run á san án fún yín."

"Má tíì dúpẹ́. Bàbá ọmọ ló ń dúpẹ́ oore. Kí bàbá ẹ wá sílé mi láàárọ̀ ọ̀la."

Mo délé, mo sọ fún Sùwéébátù ìyàwó mi pé àlejò ń bọ̀ láàárọ̀, kó kó gbogbo àga kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àfi tèmi.

"Níbo wá ni àlejò yín máa jókòó?"

"Kò ní jókòó."

Bádéjọ ni tísà tó lé mi kúrò ní Sítáńdáàdì Kejì. Lójú gbogbo kíláàsì, ó ní orí mi ò lè gba ìwé, kí n máa lọ gbin obì.