Ẹni Tó Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà Ẹ̀yìn

Òjò ń rọ̀ ní ìlú Keelung. Agogo ìjáde ilé ìwé ń lù nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù Bolin.

"Mo mọ̀ nípa ìwọ àti Zhengyu. Ẹ gba ẹ̀yìn jáde báyìí."

Kò mọ nọ́ńbà náà. Ó fi han Zhengyu, ọmọkùnrin bíi tirẹ̀ tó jẹ́ olólùfẹ́ rẹ̀.

"Tákúté ni o," Zhengyu sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Àmọ́ láti ojú fèrèsé, wọ́n rí àwọn ọmọ kíláàsì wọn mẹ́rin níwájú géètì, igi lọ́wọ́ wọn.

"Ọkọ àti ìyàwó, ẹ jáde wá ká kí yín!" ọ̀kan nínú wọn pariwo.

Wọ́n sá gba ẹ̀yìn. Ọkùnrin kan ń dúró níbẹ̀ lórí alùpùpù, akoto bò ó lójú. Ó kàn nawọ́ sí ìjókòó ẹ̀yìn.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n?" Zhengyu bèèrè.

"Rárá. Ṣáà gùn ún!"

Létí òkun, ọkùnrin náà dúró, ó ṣí akoto. Bolin fẹ́ẹ̀ sá.

Bàbá rẹ̀ ni, tó lé e jáde nílé lóṣù tó kọjá nítorí ọ̀rọ̀ Zhengyu.

"Mo gbọ́ tí àwọn ọmọ yẹn ń pète ibi sí yín ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo mọ̀ pé tó bá jẹ́ nọ́ńbà mi ni mo fi ránṣẹ́ sí ọ, o ò ní dáhùn."

Bàbá yíjú sí ẹnì kejì.

"Zhengyu, ìwọ náà máa bọ̀ nílé. Ìyá yín ti se oúnjẹ."